Ilé ni à ń Wò: Yíyan Ibùdó ní Ẹ̀pẹ́, ní Ìkòròdú àti ní Èkó láti Ọdún 1851

Ọ̀rọ̀ Ìṣáájú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí kò mọ sí ọ̀rọ̀ ìsọmọlórúkọ nìkan. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣí láti ìlú kan lọ sí òmíràn náà ní láti wo ilé: kí ó wo ilé tí ó ń fi sílẹ̀, kí ó sì wo èyí tí ó ń lọ bá. Láyé òde òní, ìwọ̀nba ènìyàn ni kò tíì kó ẹrù rí. Olùkọ́ a gba ìwé ìṣípòpadà, oníṣòwò a tọ ọjà lẹ́yìn, ayálégbé a sá fún owó ilé tí ó ń gorí ara wọn. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi ara wọn: àdúgbò wo ni ó yẹ kí n dó sí?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìbéèrè yìí bá ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti ilé alájà dé ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní etí ọ̀sà Èkó, láàárín Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú, àwọn baba ńlá wa ti dáhùn rẹ̀ léraléra, àwọn mìíràn pẹ̀lú ohun ìjà lọ́wọ́, àwọn mìíràn pẹ̀lú ẹrù lórí. Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ ṣe ni láti yẹ àwọn ìdáhùn náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Òṣùwọ̀n mẹ́rin ni a ó fi wọn ibùdó kọ̀ọ̀kan: ọ̀nà tí ó wọ ibẹ̀, iṣẹ́ oòjọ́ tí ènìyàn lè rí ṣe níbẹ̀, ẹni tí ó gba àlejò sílé, àti àṣẹ tí àlejò náà ní lórí ilẹ̀ tí ó tẹ̀dó sí. A ó rí i pé mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ojú tètè máa ń rí, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹrin ni ọmọ àti ọmọ-ọmọ máa ń bá fà á.

Ẹ̀pẹ́: Ibùdó Ẹni tí Ogun Lé

Ní ọdún 1845, Kòsọ́kọ́ gba adé Èkó lẹ́yìn ogun tí a mọ̀ sí Ogun Olómiró. Akíntóyè tí ó wà lórí oyè sá lọ sí Abẹ́òkúta, láti ibẹ̀ ni ó sì ti dé Àgbádárìgì. Ọdún mẹ́fà ni Kòsọ́kọ́ lò. Nígbà tí ó di ìparí Oṣù Kejìlá ọdún 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yin ìbọn ńlá lu Èkó, wọ́n sì dá Akíntóyè padà sórí ìtẹ́. Gbámú-gbámú ìbọn náà ni àwọn ará Èkó fi sọ ogun yìí ní Ogun Àgídìngbì. Kòsọ́kọ́ àti ọ̀pọ̀ àwọn ìjòyè àti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ wọ ọkọ̀, wọ́n tọ ọ̀sà lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, sí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Àwùjalẹ̀ gbà wọ́n, Ẹ̀pẹ́ sì ni wọ́n fìdí kalẹ̀ sí.

Kí ni ó mú wọn yan Ẹ̀pẹ́? Bí a bá fi òṣùwọ̀n wa wò ó, ìdí náà yóò hàn. Èkíní, omi ni ọ̀nà ìgbà náà. Ẹni tí ó bá wà ní Ẹ̀pẹ́ kò jìnnà sí Èkó bí ó bá ní ọkọ̀ àti atukọ̀; bẹ́ẹ̀ ni kò sì sún mọ́ ọn débi tí ọ̀tá fi lè jí i mọ́ orí ibùsùn. Èkejì, ilé iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ẹja kún inú ọ̀sà, òwò epo pupa sì ń sọ̀ kalẹ̀ láti ìlú òkè wá sí etí omi. Ẹ̀kẹta, abẹ́ Àwùjalẹ̀ ni ibẹ̀ wà, àṣẹ Akíntóyè kò sì dé ibẹ̀. Ẹni tí ń sá fún ọba kan, abẹ́ ọba mìíràn ni ó yẹ kí ó sá sí.

Ṣùgbọ́n Ẹ̀pẹ́ kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo nígbà tí wọ́n dé. Àwọn Ìjẹ̀bú ti wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn dárúkọ ọdẹ kan tí ń jẹ́ Úràká, tí wọ́n ní Ilé-Ifẹ̀ ni ó ti wá tí ó sì dó sí Pókà nítòsí ibẹ̀. Nítorí náà, àlejò ni àwọn ará Èkó jẹ́, wọn kò sì pa ara wọn pọ̀ mọ́ onílé. Apá kan ìlú di ti Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́, apá kejì di ti Èkó-Ẹ̀pẹ́. Ìpín yìí wà títí di òní. Àwọn Èkó-Ẹ̀pẹ́ a máa ṣe ọdún Kayokayo láti fi ṣe ìrántí bí Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe gúnlẹ̀ sí etí omi náà. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí èyí dáadáa: ohun tí àwọn mìíràn ìbá fẹ́ gbàgbé, ìyẹn ni pé baba wọn wá sí ìlú gẹ́gẹ́ bí ìsáǹsá, ni àwọn wọ̀nyí sọ di ọdún.

Ní Oṣù Kẹjọ ọdún 1853, Kòsọ́kọ́ gbìyànjú láti gba Èkó padà, kò ṣeé ṣe. Oṣù tí ó tẹ̀lé e ni Akíntóyè wàjà, tí ọmọ rẹ̀ Dòsùnmú sì jọba. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, Kòsọ́kọ́ bá Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́. Ó gbà láti má ṣe da Èkó láàmú mọ́ àti láti fi òwò ẹrú sílẹ̀. Àwọn náà gbà pé Palma, tí ó wà létí òkun nítòsí Lẹ́kí, jẹ́ èbúté fún òwò rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, Ẹ̀pẹ́ kúrò ní ibi ìsádi lásán. Ó di ìlú òwò tí ó ní ọ̀nà tirẹ̀ sí òkun láìgba inú Èkó kọjá. Ẹni tí wọ́n lé jáde nílé ti ní ilé mìíràn tí ó ń pa owó wọlé.

Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó: Ìpadàbọ̀ tí Ó Di Ìṣíkiri Kejì

Ní ọjọ́ kẹfà Oṣù Kẹjọ ọdún 1861, Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún kejì, 1862, wọ́n gba Kòsọ́kọ́ láàyè láti padà wálé. Èrèkó ni ó tẹ̀dó sí, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi kú ní ọdún 1872. Ní Oṣù Kejì ọdún 1863 ni ó fi Palma àti Lẹ́kí lé ìjọba lọ́wọ́. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn rẹ̀ ni ó bá a padà, kì í sì í ṣe gbogbo àwọn tí ó kù ní Ẹ̀pẹ́ ni ó fara mọ́ àdéhùn náà. Ní ọdún 1863 yìí kan náà, àwọn ọmọ ogun ìjọba Èkó gbé ogun lọ bá Ẹ̀pẹ́.

Lára àwọn tí ó padà ni Òṣòdì Tápà, balógun Kòsọ́kọ́. Gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ ti fi hàn, ọmọ Tápà ni. Ààfin Èkó ni ó sì ti dàgbà. Ìjọba fún un ní ilẹ̀ ní Erékùṣù Èkó, ó sì pín in fún àwọn tí wọ́n jọ ti Ẹ̀pẹ́ bọ̀. Agbo ilé mọ́kànlélógún ni ó wà níbẹ̀. Orúkọ tí àdúgbò náà ń jẹ́ ni Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó.

Ẹ jẹ́ kí a tú orúkọ yìí palẹ̀, nítorí pé ẹ̀rí ìtàn ni orúkọ ibùdó máa ń jẹ́. Ẹ̀pẹ́ ni ó tẹ̀dó. Ta ni Ẹ̀pẹ́? Àwọn ọmọ Èkó ni, àwọn tí wọ́n lé jáde ní ọdún mọ́kànlá ṣáájú. Nígbà tí wọ́n wà ní Ẹ̀pẹ́, Èkó ni wọ́n ń pè wọ́n. Nígbà tí wọ́n padà dé Èkó, Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n tún ń pè wọ́n. Ìlú tí ènìyàn fi sílẹ̀ ni ó máa ń di orúkọ rẹ̀. Nínú ìtàn ìṣíkiri, ọ̀rọ̀ méjì yìí, Èkó-Ẹ̀pẹ́ àti Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ṣe é fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ju ojú ewé mẹ́wàá lọ. Wọ́n fi hàn pé kò sí ìpadàbọ̀ tí ó dá ènìyàn padà sí bí ó ti wà. Ẹni tí ó bá padà sílé lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá, àlejò mìíràn ni ó jẹ́ níbẹ̀, àdúgbò tuntun ni yóò sì gbé.

Ní ti ọ̀nà, ti ọjà àti ti olùgbàlejò, Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó kò ní àbùkù. Àárín Èkó ni, ìjọba ni ó sì fúnni. Ibi tí wàhálà wà ni òṣùwọ̀n kẹrin. Òṣòdì Tápà kú ní ọdún 1868. Ta wá ni ó ni ilẹ̀ náà? Ṣé ìdílé olóyè tí a fi lé lọ́wọ́ ni, tàbí àwọn tí wọ́n kọ́lé sórí rẹ̀ tí wọ́n sì bímọ síbẹ̀? Ọ̀rọ̀ yìí kò tán nílé. Ó dé ilé ẹjọ́, láti ilé ẹjọ́ Èkó ni ó sì rìn títí dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ adájọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n dá ẹjọ́ lórí rẹ̀ ní ọdún 1930. Ọdún 1947 ni ìjọba wá ṣe òfin tí a yà sọ́tọ̀ fún ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Bí a bá kà á láti 1862, ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún ni. Àwọn tí ó gba ilẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ wọn ti darúgbó, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣì wà láàyè.

Ìkòròdú: Ibùdó tí Ọ̀nà Sọ Di Ńlá

Nígbà tí Ẹ̀pẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé omi, orí ilẹ̀ àti omi lápapọ̀ ni Ìkòròdú gbé agbára rẹ̀ kà. Ìkòròdú Ọ̀gá ni wọ́n máa ń kì í. Ìtàn sọ pé Ọ̀gá tí ó wá láti ilẹ̀ Rẹ́mọ ni ó tẹ ìlú náà dó, pé oko tí òdú pọ̀ sí ni ibẹ̀ jẹ́, àti pé láti inú Oko Òdú ni orúkọ ìlú ti jáde. Ìtàn kan náà sọ pé àwọn mìíràn wá láti Bìní, wọ́n sì jùmọ̀ gbé pọ̀. Àdúgbò mẹ́ta ni ó di ìdí ìlú: Ìsẹ̀lẹ̀, Ìjòmu àti Àga. Nínú èyí, a rí ìyàtọ̀ kan láàárín Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Ní Ẹ̀pẹ́, àlejò àti onílé pín ìlú sí méjì, ìhà kọ̀ọ̀kan sì di orúkọ rẹ̀ mú. Ní Ìkòròdú, ìtàn àwọn tí wọ́n wá láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wọnú ara wọn, ó di ìtàn ìlú kan.

Èbúté Ìkòròdú dojú kọ Èkó. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọ̀nà Rẹ́mọ tí ó lọ sí Ìbàdàn. Ẹrù tí ó bá ti Èkó bọ̀ yóò gúnlẹ̀ síbẹ̀, yóò sì gba orí ilẹ̀ lọ sókè. Irè oko tí ó bá ti òkè bọ̀ yóò wọ ọkọ̀ níbẹ̀. Ọjà Ìkòròdú sì kún nítorí èyí. Ẹni tí ń wá ibi tí yóò gbé ṣòwò, kò ní wá ibòmíràn.

Síbẹ̀, ohun tí ó dára jù lọ nínú ìlú náà ni ó fa ogun bá a. Ní àkókò ogun Ìjàyè tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1860, ọ̀nà Rẹ́mọ ni ìbọn àti ẹ̀tù fi ń dé ọwọ́ àwọn ará Ìbàdàn. Àwọn Ẹ̀gbá kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀tá wọn ni ọ̀nà náà ń gbè, àti nítorí pé kò jẹ́ kí òwò gba ìlú wọn kọjá. Ìjàyè fọ́ ní ọdún 1862, ogun náà kò tán; ó ṣí lọ sí ilẹ̀ Rẹ́mọ. Ní ọdún 1865, ogun Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú. John Glover tí ó jẹ́ olórí ìjọba Èkó, ẹni tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà, rán ọmọ ogun lọ, wọ́n sì tú ogun náà ká ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n Oṣù Kẹta ọdún náà.

Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò ṣòroó rí. Ọ̀nà tí ó dára ni gbogbo ènìyàn ń wá bí wọ́n bá ń yan ibùdó, ṣùgbọ́n ọ̀nà kì í dá ẹnì kan yà sọ́tọ̀. Ọ̀nà tí oníbàárà gbà wọlé ni ọ̀tá náà gbà. Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú rí irú èyí ní Oṣù Karùn-ún ọdún 1892, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi ọkọ̀ gúnlẹ̀ síbẹ̀, tí wọ́n sì gba ibẹ̀ gòkè lọ bá Ìjẹ̀bú jà ní Ìmágbọ̀n. Etí omi tí ó gba Kòsọ́kọ́ là ní 1851 ni ó di ẹnu ọ̀nà ogun sí ilẹ̀ ọba tí ó gbà á sílé.

Àwọn Ibùdó Méjì Mìíràn fún Àfiwé

Kí àfiwé wa lè kún, ó yẹ kí a wo ibùdó méjì mìíràn ní Èkó. Èkíní ni Àgọ́ Ẹ̀gbá ní Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹtàlá Oṣù Kẹwàá ọdún 1867, rúkèrúdò tí a ń pè ní Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Wọ́n ba ilé ìjọsìn jẹ́, wọ́n sì kó ẹrù àwọn òyìnbó ajíyìnrere. Ọ̀pọ̀ àwọn Ẹ̀gbá onígbàgbọ́ sá wá sí Èkó. Glover kan náà tí ó bá Ẹ̀gbá jà ní Ìkòròdú ní ọdún méjì ṣáájú ni ó gbà wọ́n, tí ó sì pín ilẹ̀ Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta fún wọn. Ẹ ò rí i pé ẹni tí ó jẹ́ ọ̀tá ìlú lè jẹ́ olùgbàlejò fún ọmọ ìlú. Ṣùgbọ́n bí ó ti rí ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ni ó rí níbẹ̀: ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kò yé tán. Nígbà tí ìjọba ṣe òfin Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ní 1947, ọdún náà gan-an ni wọ́n ṣe òfin mìíràn fún ilẹ̀ tí Glover pín. Ibùdó méjì, ìtàn méjì, ọ̀rọ̀ kan náà.

Èkejì ni Sùúrùlérè. Láti ọdún 1955, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé inú àárín Erékùṣù Èkó, wọ́n ní àwọn àdúgbò náà há, wọn kò sì mọ́. Wọ́n kọ́ ilé sí Sùúrùlérè fún àwọn tí ọ̀ràn kàn. Bí a bá fi ojú lásán wò ó, Sùúrùlérè dára ju ibi tí wọ́n ti kúrò lọ: àyè wà, atẹ́gùn ń fẹ́, ilé sì jẹ́ tuntun. Ṣùgbọ́n Peter Marris, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan láti Gẹ̀ẹ́sì, lọ wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn náà, ó sì tẹ ìwé jáde ní ọdún 1961. Ó rí i pé ìyá aláte tí ilé rẹ̀ wà létí ọjà tẹ́lẹ̀ kò rí oníbàárà mọ́. Pé owó ọkọ̀ àti owó ilé ń jẹ owó oúnjẹ. Pé ẹbí tí wọ́n ń rí ara wọn lójoojúmọ́ di ẹni tí wọ́n ń wéwèé kí wọ́n tó lè kí ara wọn. Ilé ti sunwọ̀n, ìgbé ayé kò sunwọ̀n. Wọn kò yan ibùdó fúnra wọn. Wọ́n yàn án fún wọn ni. Ẹni tí ó bá sì yan ibùdó fún ẹlòmíràn, ilé ni ó máa ń rí, kì í rí ọjà, kì í sì í rí ẹbí.

Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ Lónìí

Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n Oṣù Karùn-ún ọdún 1967 ni a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ jẹ́ méjì nínú ìpín márùn-ún tí ó para pọ̀ di Ìpínlẹ̀ náà. Lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ márààrún ni a sì fi hun ọ̀rọ̀ náà, Ìbílẹ̀. Láti ìgbà náà, ìlú méjèèjì ti di ibi tí àwọn ará Èkó ń wò bí àárín ìlú bá há mọ́ wọn. Ìwádìí wa lè ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ní ti ọ̀nà, Ìkòròdú ni ó ṣíwájú. Ojú títì so ó mọ́ Máìlì Méjìlá àti Kétu, ní Oṣù Kọkànlá ọdún 1915 tí a bá fi ọgọ́rùn-ún ọdún kún un, ìyẹn 2015, ni ọkọ̀ akérò ìjọba tí ó ní ojú ọ̀nà tirẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná ibẹ̀. Òṣìṣẹ́ lè sùn ní Ìkòròdú kí ó sì ṣiṣẹ́ ní Èkó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ máa ń gba wákàtí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀pẹ́ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjọba Lateef Jakande, tí ó jẹ́ gómìnà láti 1979 sí 1983, ni ó la ọ̀nà ńlá láti Lẹ́kí lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ó yẹ kí a rántí pé Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ni wọ́n bí Jakande sí ní ọdún 1929. Ọmọ tí a bí sí àdúgbò àwọn tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi ti Ẹ̀pẹ́ dé ni ó la títì padà lọ sí Ẹ̀pẹ́.

Iye ènìyàn fi ìyàtọ̀ ọ̀nà yìí hàn. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, àjọ ìkànìyàn ka 535,619 ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìkòròdú, wọ́n sì ka 181,409 ní ti Ẹ̀pẹ́. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kò gba iye náà, wọ́n ní ó kéré. Síbẹ̀, bí a bá fi èkíní wé èkejì, a ó rí i pé Ìkòròdú fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìlọ́po mẹ́ta ju Ẹ̀pẹ́ lọ.

Ní ti iṣẹ́ oòjọ́, ìlú méjèèjì ní tiwọn. Ní agbègbè Ìkòròdú ni ilé iṣẹ́ mànàmáná Ẹgbin wà láti nǹkan bí ọdún 1985, ẹ̀rọ mẹ́fà tí agbára wọn lápapọ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 1,320. Ìmọ́tà ní agbègbè kan náà ni ìjọba ṣí ilé iṣẹ́ ìrẹsì sí ní Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023. Ní Ẹ̀pẹ́, ẹja ṣì ni ọba ọjà; ilé ẹ̀kọ́ gíga fún àwọn olùkọ́ wà ní Nọ́fọ́ríjà láti ọdún 1994, ó sì ti di ara Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó láti 2022. Ní ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ sí Lẹ́kí, ní Ìbẹ̀jú, èbúté òkun jíjìn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023, ilé iṣẹ́ ìfọpo ti Dangote sì ṣí ní ọdún náà. Kò jìnnà sí ibẹ̀ ni Kòsọ́kọ́ ti ń ta epo ní Palma ní 1854. Epo ti yàtọ̀, etíkun kò yàtọ̀.

Ní ti ilẹ̀, ibí ni kí olùkàwé ti fara balẹ̀. Láti ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n Oṣù Kẹta ọdún 1978 tí òfin ìlò ilẹ̀ ti dé, ọwọ́ gómìnà ni àṣẹ ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n àwọn ìdílé ṣì ń ta ilẹ̀, àwọn ènìyàn ṣì ń rà á lọ́wọ́ wọn, ilẹ̀ kan ṣoṣo sì lè ní olówó mẹ́ta. Ìyà tí àwọn ajagungbalẹ̀ fi ń jẹ ènìyàn pọ̀ débi pé Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin lòdì sí wọn ní ọdún 2016. Ẹni tí ó bá sì rò pé pípẹ́ ni ó ń sọni di onílẹ̀, kí ó rántí Máròkó. Ní Oṣù Keje ọdún 1990, ìjọba ológun wó àdúgbò náà palẹ̀, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn sì di aláìnílé. Wọ́n ní ọ̀nà, wọ́n ní ọjà, wọ́n ní aládùúgbò. Òṣùwọ̀n kẹrin ni wọn kò ní.

Àsọkágbá

A ti wo Ẹ̀pẹ́, Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, Ìkòròdú, Àgọ́ Ẹ̀gbá àti Sùúrùlérè. Kí ni a rí dì mú?

Èkíní, kò sí ibùdó tí ó pé lórí òṣùwọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìkòròdú ní ọ̀nà, ọ̀nà náà sì mú ogun wá. Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ní ipò láàárín ìlú, ilẹ̀ rẹ̀ sì di ẹjọ́. Sùúrùlérè ní ilé, kò ní ọjà fún àwọn tí a kó lọ síbẹ̀. Ẹni tí ń wá ibi tí kò ní àbùkù yóò pẹ́ lórí ìrìn.

Èkejì, ẹni tí ń ṣí kò gbọdọ̀ wo ibùdó láìwo ara rẹ̀. Ibi tí ó yẹ Kòsọ́kọ́ tí ó ní ọkọ̀ àti ọmọ ogun kò dandan kí ó yẹ ìyá aláte. Òṣìṣẹ́ tí ó gbọ́dọ̀ dé Èkó láàárọ̀ kùtùkùtù yóò fi ọ̀nà síwájú. Apẹja, àgbẹ̀ àti olùkọ́ tí iṣẹ́ wọn wà nítòsí lè fi àyè àti ìfọ̀kànbalẹ̀ síwájú.

Ẹ̀kẹta, èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lọ, ni pé ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ó yẹ kí àlejò béèrè ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Títì lè dé lẹ́yìn ogún ọdún, ọjà lè kún lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, aládùúgbò tí kò mọ̀ wá lè di ẹbí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí kò ní ẹ̀rí kì í dára sí i bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́. Ńṣe ni àwọn ẹlẹ́rìí ń kú. Ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún ni Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó fi kọ́ wa ní èyí.

Àwọn àgbà tún sọ pé àlejò ní ojú, kò fi ríran. Ìtàn ni ó lè fún àlejò ní ojú tí yóò fi ríran. Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn àdúgbò wọn, tí ó ń bi wọ́n pé ta ni ó tẹ ibí dó, láti ibo ni wọ́n ti wá, lọ́wọ́ ta ni wọ́n ti gba ilẹ̀, ń pèsè wọn sílẹ̀ fún ìdánwò nítòótọ́. Ó tún ń pèsè wọn sílẹ̀ fún ọjọ́ tí àwọn náà yóò di ẹrù, tí wọn yóò sì ní láti wo ilé kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ.